Ta Ni Akọrin Jẹ Ní Gbèsè Òtítọ́?

ÌFÁÀRÀ

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí bí ẹni pé àǹfààní nìkan ni ó wà nínú rẹ̀: pé akọrin lè sọ ohun tí ó bá wù ú, kí ó sì máa lọ sí ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yẹ òwe náà wò dáadáa yóò rí i pé májẹ̀mú ni. Ìlú dá akọrin sí nítorí pé ìlú nílò ẹni tí yóò máa sọ ohun tí ẹnu àwọn yòókù kò gbà. Bí akọrin bá wá gba ìdásí yìí tán, tí ó sì ń fi orin purọ́ fún ìlú, ó ti gba owó, kò sì gbé ọjà sílẹ̀.

Láyé àtijọ́, ẹjọ́ yìí kò ṣòro láti dá. Akọrin wà lójú agbo, àwùjọ wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹnì kẹta láàárín wọn. Láyé òde òní, ẹnì kẹta ti dé. Orí ìtàgé ní olówó tí ó háyà gbọ̀ngàn. Tẹlifíṣọ̀n ní ilé iṣẹ́, ó ní olùdarí ètò, ó ní àwọn oníṣòwò tí ń san owó ìpolówó ọjà, ó sì ní ìjọba tí ń wò ó láti òkèèrè. Àwọn wọ̀nyí kì í kọrin, ṣùgbọ́n wọ́n lè pinnu orin tí a óò kọ, ọ̀rọ̀ tí a óò yọ kúrò, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ìbéèrè tí ó wá yọjú ni èyí: ta ni akọrin jẹ ní gbèsè òtítọ́? Ṣé àwùjọ tí ń gbọ́ ọ ni, àbí ẹni tí ó ni ilé tí ó ti ń kọrin, àbí ọkàn ara rẹ̀?

Ibi tí ènìyàn ti lè yẹ ìbéèrè yìí wò dáadáa ni ìtàn orin ìbílẹ̀ àti orin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1960 wá. Orin ìbílẹ̀ wọn ni orin àwọn àgbẹ̀, àwọn awakùsà, àwọn atukọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí a sábà máa ń fi jìtá lásán tàbí bánjò kọ. Orin rọ́ọ̀kì ni èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí ó ń lo jìtá oníná àti ìlù líle. Àwọn olórin méjèèjì a máa fi ẹnu sọ pé àwọn kórìíra àgàbàgebè. Méjèèjì sì bá tẹlifíṣọ̀n pàdé ní àkókò tí ó ń wọ gbogbo ilé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé náà jẹ́ ẹ̀kọ́ fún akọrin níbi gbogbo.

OHUN TÍ OJÚ AGBO JẸ́

Kí ènìyàn tó sọ pé tẹlifíṣọ̀n ba nǹkan jẹ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nílẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní 1966, ṣàlàyé bí àwọn oníìjálá ṣe ń ṣọ́ ara wọn lójú agbo. Bí ẹnì kan bá ń sun ìjálá lọ, tí ó sì ṣi oríkì kan sọ, oníìjálá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó gbọ́ ọ lè dá a dúró níbẹ̀, kí ó sọ fún un pé irọ́ ni. Ẹni tí a dá dúró náà kò ní gba ẹ̀bi wọ́ọ́rọ́wọ́. Yóò fi ìjálá fèsì, yóò sì gbèjà ara rẹ̀. Àwùjọ a sì gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Nǹkan mẹ́ta ni àpẹẹrẹ yìí fi hàn. Èkíní, ẹnu akọrin ni orin ti ń jáde. Bí ohùn bá há, gbogbo ènìyàn yóò mọ̀. Èkejì, akọrin ni ó yan ọ̀rọ̀ tí ó sọ, òun ni yóò sì jíyìn fún un. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń gbọ́ ọ lè dáhùn. Òwe tí ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà kò tọ́ka sí ojú tí a fi ń ríran nìkan. Ó tọ́ka sí ìtìjú, sí ẹ̀rù àṣìṣe, àti sí agbára tí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní láti kọ ẹ̀yìn sí wa. Eré ojúkojú níyì nítorí pé ó lè bàjẹ́. Akọrin tí kò bá fi ohunkóhun wéwu kò tíì jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Ìbéèrè mẹ́ta, nígbà náà, ni a lè fi wọn eré èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ lórí ìtàgé, ìbáà jẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n: Ẹnu ta ni? Ta ló yan ọ̀rọ̀? Ta ló lè dáhùn?

ẸNU TA NI?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Top of the Pops ní ìlú Manchester. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ètò yìí ń jáde títí di 2006, ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbajúmọ̀ olórin ni ó sì gba ibẹ̀ kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn olórin kì í kọrin níbẹ̀ ní ti gidi. Àwo ni a ń gbé sí i. Olórin a máa la ẹnu, a máa pa á dé, a máa fi ọwọ́ gbo jìtá tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fara mọ́ èyí, nígbà tí ó sì di 1966 a fi òfin dè é. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi àdéhùn ni wọ́n ń ṣe lórí ohun tí a lè gbà sílẹ̀ ṣáájú àti ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé irọ́ ni kí olórin máa fi ẹnu tẹ̀lé àwo? Àwọn tí ń gbèjà àṣà náà ní ọ̀rọ̀ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní àkókò kò tó, wọ́n ní ohùn a máa dàrú nínú ilé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ní irọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í ṣe irọ́ mọ́, eré ni. Àwọn Yorùbá náà kò ní kọ ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Nínú eré àwọn alárìnjó, ẹni tí ó gbé ẹ̀kú ọ̀bọ wọ̀ kì í ṣe ọ̀bọ, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́. Ohun tí ó ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́ ni pé òǹwòran mọ ohun tí òun ń wò.

Bí òǹwòran kò bá mọ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Milli Vanilli dáhùn ìbéèrè yẹn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì yìí di ìlú mọ̀ọ́ká láti Jámánì, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Grammy ní oṣù Kejì 1990 gẹ́gẹ́ bí olórin tuntun tí ó dára jù lọ. Ní oṣù Keje 1989, nígbà tí wọ́n ń ṣeré lójú èrò ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ há mọ́ ibì kan, ó sì ń pe ọ̀rọ̀ kan náà léraléra. Ọ̀kan nínú wọn sá kúrò lórí ìtàgé. Ní oṣù Kọkànlá 1990, ẹni tí ó ṣe àwo wọn jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ohùn wọn ni ó wà nínú àwo náà rárá, a sì gba ẹ̀bùn náà padà lọ́wọ́ wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Àwọn méjì náà kò fi ẹnu tẹ̀lé ohùn ara wọn bí àwọn ará ìṣáájú. Wọ́n gba ìyìn tí ó tọ́ sí ẹlòmíràn. Olówó orí wọn mọ̀, àwọn náà mọ̀. Àwùjọ nìkan ni kò mọ̀.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí ó yani lẹ́nu. Ní oṣù Kọkànlá 1991, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Nirvana wá sí orí ètò Top of the Pops. Ìlànà tí ó wà nílẹ̀ ni pé ohùn jìtá àti ìlù yóò ti inú ẹ̀rọ wá, akọrin nìkan ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin. Kurt Cobain mọ̀ọ́mọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ó ń fi ọwọ́ pa jìtá lórí bí ẹni tí ń gbá eruku kúrò lára aṣọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ju ohun èlò wọn sókè sódò. Ọmọdé tí ó wo eré náà mọ̀ pé ohùn tí òun ń gbọ́ kì í ṣe ọwọ́ tí òun ń rí ni ó mú un jáde. Ẹni tí a ní kí ó purọ́, tí ó sì pa irọ́ náà ní gbangba tí gbogbo ayé fi rí i, ti sọ òtítọ́ lọ́nà ẹ̀bùrú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mìíràn, bí ẹgbẹ́ The Clash, kọ̀ láti dé ibẹ̀ rárá. Ẹni tí ó kọ̀ ti fọ ọwọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òǹwòran kò rí ohun tí ó fi kọ̀. Ẹni tí ó wọlé tí ó sì tú àṣírí ilé ti kọ́ òǹwòran ní ohun tí kò ní gbàgbé.

TA LÓ YAN Ọ̀RỌ̀?

Ìbéèrè kejì ni ó le jù. Ẹnu lè jẹ́ ti akọrin lóòótọ́, kí ọ̀rọ̀ tí ń ti inú rẹ̀ jáde jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìgbésí ayé Pete Seeger, akọrin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń ta bánjò, fi èyí hàn kedere. Ní oṣù Kẹjọ 1955, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà tí ń wá àwọn kọ́múníìsì káàkiri pè é, wọ́n sì bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀ àti àwọn tí ó ti kọrin fún. Seeger ṣe tán láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn orin rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti dáhùn ohun tí ó kan ìgbàgbọ́ rẹ̀ tàbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1961, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ṣe àfojúdi sí ilé aṣòfin, wọ́n sì ní kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún kan. Ní 1962, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà. Ilé ẹjọ́ tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kò tú u sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin 1963, ilé iṣẹ́ ABC bẹ̀rẹ̀ ètò orin ìbílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Hootenanny. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n ti ń ṣe é. Seeger wà lára àwọn tí ó sọ orúkọ yẹn gan-an di gbajúmọ̀, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó dé ibẹ̀. Joan Baez, Bob Dylan àti àwọn mìíràn ní bí kò bá sí Seeger, àwọn náà kò ní lọ. Àwọn kan lọ. Seeger fúnra rẹ̀ sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n lọ, kí orin ìbílẹ̀ lè tàn kálẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tí kò lọ rí òtítọ́ gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí wọ́n jẹ ẹlẹgbẹ́ wọn: bí a bá ti ẹnì kan síta, gbogbo wa ni a tì síta. Àwọn tí ó lọ rí i gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí wọ́n jẹ ọmọ àgbẹ̀ tí ó wà ní abúlé jíjìn, tí kò ní gbọ́ orin baba rẹ̀ níbòmíràn bí kò bá gbọ́ ọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sórí àga tí a lé ẹlòmíràn kúrò lórí rẹ̀ jẹ ẹni náà ní ọ̀rọ̀ kan, ó kéré tán: kí ó má ṣe bí ẹni pé àga náà ti ṣófo láti ilẹ̀ wá.

Ètò Ed Sullivan, tí ilé iṣẹ́ CBS ń gbé jáde ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, fún wa ní ọ̀nà mẹ́ta tí akọrin lè gbà dáhùn nígbà tí onílé bá ní kí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù Karùn-ún 1963, Dylan, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22, fẹ́ kọ orin tí ó fi àwọn tí ń rí kọ́múníìsì lábẹ́ ibùsùn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ó mú orin mìíràn; ó gbé jìtá rẹ̀, ó lọ. Ní oṣù Kìíní 1967, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ Rolling Stones pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ kí ọkùnrin àti obìnrin jọ sùn mọ́jú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọrin wọn, Mick Jagger, ń yí ojú bí ó ti ń kọ ọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ The Doors yọ ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ọ̀rọ̀ egbòogi olóró. Wọ́n gbà. Nígbà tí àkókò tó, Jim Morrison kọ ọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, wọn kò sì pè wọ́n síbẹ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa yin ti ìkẹta yìí jù. Ó dùn mọ́ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dúró díẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tí ó fi ẹnu gba àdéhùn, tí ó sì dà á, ti fi irọ́ tí ó pa fún onílé ra òtítọ́ tí ó sọ fún àlejò. Àwọn Rolling Stones kò purọ́ fún onílé, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orin tí a ti gé lórí fún àwùjọ. Dylan nìkan ni kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ó san owó rẹ̀: àwùjọ kò gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí kì í ṣe sísá, tí kì í ṣe títẹríba, tí kì í sì í ṣe ẹ̀tàn? Seeger fi ọ̀kan hàn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1967, Tom àti Dick Smothers pè é sórí ètò wọn ní CBS. Ó kọ orin kan nípa ọ̀gágun tí ó ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ máa wọ odò lọ bí omi tilẹ̀ ń kún sókè. Ogun àgbáyé kejì ni orin náà dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ogun Vietnam ni ó ń bá wí. CBS gé e kúrò kí ètò náà tó jáde. Àwọn Smothers kò dákẹ́. Wọ́n ké gbàjarè sínú ìwé ìròyìn. Ní oṣù Kejì 1968, Seeger padà wá, ó sì kọ orin náà tán láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò purọ́ fún onílé, kò gé ọ̀rọ̀ fún àwùjọ, kò sì sá. Ohun tí ó ṣe é ṣe ni pé àwọn tí ó pè é gbà láti gbé ìjà náà sí gbangba. Ní oṣù Kẹrin 1969, CBS fi òpin sí ètò àwọn Smothers.

ÀWÙJỌ PẸ̀LÚ LÈ DI Ọ̀GÁ

Yóò rọrùn láti parí ọ̀rọ̀ síbí, kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n àwùjọ tí ó wà lójú agbo náà lè fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akọrin. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Keje 1965, Dylan gun orí ìtàgé ní àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ ti Newport. Jìtá oníná ni ó gbé kọ́ ọrùn, àwọn olórin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń lu ìlù rọ́ọ̀kì. Orin mẹ́ta péré ni wọ́n kọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan hó lé e lórí. Títí di òní ni àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń jiyàn lórí ohun tí ó fa ariwo náà: àwọn kan ní jìtá oníná ni, àwọn kan ní ẹ̀rọ kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, àwọn kan ní orin kò pọ̀ tó. Dylan padà wá pẹ̀lú jìtá lásán, ó kọ orin méjì sí i, ó sì lọ. Ọdún 2002 ni ó tó padà sí Newport.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1966, nínú Free Trade Hall ní Manchester, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín orin méjì, ẹnì kan láti inú èrò pè é ní Júdásì. Dylan dá a lóhùn pé òun kò gbà á gbọ́, pé òpùrọ́ ni, ó sì ní kí àwọn olórin rẹ̀ lu orin tí ó kàn kíkankíkan.

Kí ni Dylan dà? Àwọn tí inú ń bí sọ pé orin ìbílẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, pé jìtá lásán ni àmì rẹ̀, àti pé ẹni tí ó gbé jìtá oníná ti ta àwọn ará ilé fún ọjà. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lásán, nítorí pé àṣà tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun èlò rọ́pò òtítọ́. Bí a bá fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyẹn wọn Dylan, ẹnu rẹ̀ ni, òun ni ó yan ọ̀rọ̀, àwùjọ sì dá a lóhùn lójú ara rẹ̀. Akọrin jẹ àwùjọ ní òtítọ́, kò jẹ ẹ́ ní ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ orin àná nítorí ìbẹ̀rù ariwo ti ń fi ẹnu tẹ̀lé àwo, bí kò tilẹ̀ sí àwo níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn tí ó hó lé e lórí kò ṣe ohun tí ó burú ju èyí tí oníìjálá ń ṣe fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n pè é ní òpùrọ́ lójú ara rẹ̀, ó sì fèsì. Kò sí òǹwòran tẹlifíṣọ̀n tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wà ní yàrá rẹ̀ lè pa ẹ̀rọ náà. Akọrin kò ní mọ̀.

ÒTÍTỌ́ Ọ̀RỌ̀ BÍ ÌSỌKÚSỌ

Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé pọ̀ lára Sinéad O'Connor, akọrin ọmọ ilẹ̀ Ireland. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1992, lórí ètò Saturday Night Live tí NBC ń gbé jáde lójú ẹsẹ̀, ó kọ orin Bob Marley tí ń jẹ́ "War" láìsí ìlù láìsí jìtá. Ó yí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹ ọmọdé. Ní ìparí, ó fa àwòrán Póòpù John Paul Kejì ya. Nígbà ìgbáradì, àwòrán ọmọdé ni ó gbé sókè. Àwọn onílé kò mọ ohun tí ó ń bọ̀. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fẹ́ràn Póòpù ni ọkàn wọn gbọgbẹ́, wọn kò sì rí ẹni tí wọn yóò dá lóhùn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ orin Dylan nínú Madison Square Garden ní New York. Orin Dylan kan ni ó yẹ kí O'Connor kọ. Bí ó ti gun orí ìtàgé, àwọn kan ń yìn ín, àwọn mìíràn ń hó lé e lórí, ariwo náà kò sì dákẹ́. Ó dúró, ó wò wọ́n. Ó ní kí àwọn olórin dákẹ́, ó sì tún ké orin "War" náà sókè, ó parí rẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú omijé. Kris Kristofferson ni ó gbá a mọ́ra.

Ó tan àwọn onílé NBC jẹ bí The Doors ṣe tan CBS jẹ. Ẹ̀bi yẹn kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ wà ní ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó sọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè dá a lóhùn, ó tún un sọ níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń dá a lóhùn, kò sì yí i padà. Ọ̀rọ̀ tí akọrin lè sọ lẹ́ẹ̀kejì lójú ìbínú àwùjọ ni ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ní 2009, ìwádìí méjì tí ìjọba Ireland gbé jáde fi hàn bí wọ́n ṣe fìyà jẹ àwọn ọmọdé lábẹ́ àbójútó ìjọ, àti bí àwọn aláṣẹ ìjọ ní Dublin ṣe bò ó mọ́lẹ̀. O'Connor kú ní oṣù Keje 2023, lẹ́yìn tí ayé ti mọ̀ pé ohun tí ó ń pariwo lé lórí kì í ṣe àlá. Bí ó ti ṣe é lè máa dun àwọn kan síbẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìsọkúsọ ni òtítọ́. Àkókò àti ìdúró ẹni tí ó sọ ọ́ ni a fi ń dá wọn mọ̀.

ÌPARÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè fún ọmọ Yorùbá. Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, láti ìgbà náà ni akéwì, onílù àti olórin ilẹ̀ Yorùbá sì ti ń wọ inú yàrá tí kò sí àwùjọ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń kọrin sí ojú kámẹ́rà. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì mọ ewu tí ó wà nínú orin tí a ti gbà sílẹ̀. Kì í sábà kọ orin tí ó ti wà nínú àwo fún àwọn tí ó wá wò ó lórí ìtàgé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn ọmọ ogun dáná sun ilé rẹ̀ ní Èkó. Ọba ni òwe dárúkọ. Kò dárúkọ ṣọ́jà.

Ta ni akọrin jẹ ní gbèsè òtítọ́, nígbà náà? Onílé tẹlifíṣọ̀n lè ka ìwé àdéhùn, ó sì lè lé akọrin síta. Akọrin mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ara rẹ̀. Ẹni tí ń gbọ́ nìkan ni kò ní ohun mìíràn ju ohùn tí ó dé etí rẹ̀ lọ. Kò mọ ẹnu tí ó ti wá, kò mọ ọ̀rọ̀ tí a yọ kúrò, kò sì mọ ẹni tí a tì síta. Òun ni a lè tàn jù, nítorí náà òun ni a jẹ ní gbèsè jù. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi irọ́ san gbèsè òtítọ́: ẹni tí ó bá lè kọ̀ ní gbangba kò yẹ kí ó gbà ní ìkọ̀kọ̀ kí ó sì dà á.

Òǹgbọ́ náà jẹ tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí akọrin fi ara wéwu, ó yẹ kí ó gbọ́ ọ dé òpin kí ó tó hó lé e lórí, kí ó sì máa bi orin léèrè ibi tí ó ti wá. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òtítọ́ tí ó wà lórí igbá kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó mú owó lọ́wọ́ wá sí ọjà ni a óò bi léèrè.